Ọ̀fẹ́ ni Òpó Sábó

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti tan Òpó.

Ọdún kan gbáko ni òpó irin yẹn fi dúró lásán ní pápá Sábó, tí àwọn ewúrẹ́ ń fara họ ọ́. Òní ni káńsù wá já rìbọ́ọ̀nù rẹ̀. Wáìfáì ọ̀fẹ́ fún tèwe tàgbà, láti aago méje àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n to bẹ́ǹṣì yí i ká. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kọjú sí i gan-an, nítorí náà mo rí gbogbo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ta ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì iwájú? Másítà, pẹ̀lú fóònù ńlá rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá mi ni Másítà. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ réluwéè, ó sì ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ni o. Nílé, ó ṣì ń pàṣẹ.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka.

Gbádé ti kú. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Ọmọ Wúrà. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé lónìí. Ó ṣubú níbi iṣẹ́ ní Kánádà, kò dìde mọ́. Wọ́n ti sin ín lọ́hùn-ún. Másítà kò mọ̀. A kì í ṣàdédé tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ilé ló ń kóra jọ wá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Débọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti dá ọjọ́: ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Títí di ìgbà yẹn, èmi ni kí n máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti sọ fún Másítà pé Gbádé gba iṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ó gbà.

Ohun tó ń bò mí láṣìírí ni pé n kì í ra dátà fún un. Gbádé ló fi fóònù yẹn ránṣẹ́, ó sì bẹ̀ mí títí: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ra dátà fún Bàbá, kí n lè máa rí ojú wọn." Mo ní rárá. Ọ̀gá onírìmóòtù! Ó jókòó sókè òkun, ó ń pàṣẹ fún ẹni tó ń fọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀.

Káńsù ti wá ra dátà fún un báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Másítà ń wẹ̀. Mo já fóònù rẹ̀ gbà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo yọ Fesibúùkù kúrò pátápátá. Mo wo inú Wọ́sáàpù. Ó mọ́ féfé, kò sí ẹyọ ìkẹ́dùn kan. Orí mi bá mi ṣe é.

Kò jẹun lánàá. Ayọ̀ Wáìfáì ti yó o. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, bí ọmọ tí wọ́n ra bọ́ọ̀lù fún.

Glory, ọmọge tó ń tún fóònù ṣe nídìí Òpó, ló bá a so fóònù náà mọ́ Wáìfáì. Mo ń kọjá lọ lówùúrọ̀ yìí, ó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an." Pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Kò tíì gbọ́ Yorùbá délé. Mo gba ọwọ́ mi.

Ọjọ́rú, 24

Ó ní òun pe Gbádé nígbà mọ́kànlá, kò wọlé. Ó tẹjú mọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́. "Motọ́lání, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe àbúrò ẹ?"

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ òkun ni mo sọ fún yín." Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ mi, mo bọ́ sí ìta.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo ti ra síìmù tuntun. Mo fi ṣí Wọ́sáàpù, mo fi fọ́tò Gbádé sí i, èyí tó wọ fìlà òtútù. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo kọ ọ́ ránṣẹ́:

"Bàbá mi àtàtà, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ara ńkọ́? Èmi Gbádé ni. Mo ti yí nọ́ńbà padà. Nẹ́tíwọ̀kì orí omi kò gbé ìpè, ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́."

Bó ṣe máa ń kí i nìyẹn, ìkíni gígùn bí ọ̀nà Ìkòròdú. Ní tèmi, "Bàbá, oúnjẹ" ni mo máa ń sọ láàárọ̀, ó tó.

Mo ń wò ó láti ojú wíńdò. Ó kà á. Ó gbé fóònù lé itan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Èsì rẹ̀ wọlé: "Àkànní."

Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkì Gbádé ni. Èmi náà ní oríkì o — Àbẹ̀kẹ́. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí màmá mi ti kú, ó sì di ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnu Másítà ti pè é kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Kí n kọ eléyìí síbí kó kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú ikú Gbádé, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò gbé e. Mo rò pé ọ̀rọ̀ dátà yẹn náà ló tún fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Másítà sọ fún "Gbádé" pé orúnkún òun ń dun òun. Kò sọ fún mi rí, èmi tí a jọ ń gbélé! Mo ra òróró ìpara lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, mi ò fọhùn.

Lọ́sàn-án, àtẹ̀jíṣẹ́ dé: "O ṣeun, Àkànní. Òróró yẹn ti dé ọwọ́ mi. O kú ìtọ́jú."

Ẹ wá gbọ́! Òkú ló ra òróró. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé oògùn, iwin ni mí. Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Mo fi ẹnu Gbádé bi í léèrè pé Àǹtí mi ńkọ́. Èsì: "Ó ń tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹnu yẹn ló lé Múyìwá lọ."

Ọkọ mi ni Múyìwá. Obìnrin mìíràn ló lé e lọ, kì í ṣe ẹnu mi.

Ó dáa. Ó dáa náà, Másítà.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Pápá kún, oòrùn mú.

Mo kọ ọ́: "Bàbá mi, nẹ́tíwọ̀kì yín kò dáa. Ẹ dìde dúró, kí ẹ gbé fóònù sókè." Ó dìde, ó gbé e sókè. "Ẹ sún sápá ọ̀tún." Ó sún. "Ẹ rìn yí Òpó ká, kí ẹ wo ibi tó ti lágbára." Ó ń fi orúnkún yẹn yí Òpó ká, apá rẹ̀ nà sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo mú un yí i. Basheerah tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Àǹtí, kí ló ń ṣe Bàbá yín?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 2

Orúnkún rẹ̀ wú. Mo fi omi gbígbóná jó o.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Ọjọ́ mẹ́ta ni "Gbádé" kò fi dáhùn. Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe ń rí, kéèyàn wà níwájú ẹni kí ẹni má rí i. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́: "Àkànní, mo jí o." Mo ń kà á, mo ń dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ pè. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ò tíì mọ nǹkan kan." Ó yìn mí. Ó ní ọmọ gidi ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Aago mẹ́wàá àárọ̀, èyí wọlé: "Àkànní, bí o bá ní ohun tó wúwo láti sọ fún mi, sọ ọ́. Mo lè gbé e."

Mo wò ó títí. Ta ló ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí? Nígbà tí Múyìwá kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣé ẹnì kan sọ fún mi pé òun lè gbé e? Gbádé tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n ṣì ń bá gbé ẹrù. Mo tún rò ó lọ́nà mìíràn pé ọjọ́ márùn-ún ló kù. Bí Másítà bá bínú sí i báyìí, ikú rẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bá gbọ́. Àánú ni mo pè é. Mo kọ ọ́, mi ò sì kí i:

"Ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu jù. Ẹrù lẹ jẹ́ lọ́rùn èmi àti Àǹtí mi. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n sinmi. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sí mi mọ́."

Ààmì méjèèjì di búlúù, ó ti kà á. Mo gbé ojú sókè. Kì í ṣe fóònù ló ń wò. Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí.

Ọjọ́rú, 8

Kò lọ sídìí Òpó.

Ọjọ́bọ̀, 9

Kò lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀. Mo ṣẹ́ síìmù sí méjì, mo jù ú sí gọ́tà. Ó parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ó ní kí n lọ aṣọ funfun òun. Mo ní ta ló sọ fún yín pé àlejò ń bọ̀? Ó ní, "Ṣé ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ Àìkú ni?" Mo lọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ìdájí ni wọ́n fẹ́ dé, ọ̀nà dá wọn dúró. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n wọlé, Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ àti àgbà méjì. Másítà ti wọ funfun, ó ti jókòó dè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po: "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àjò ni ayé…"

Másítà gbé ọwọ́ sókè. "Débọ̀, dìde. Mo mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tan Òpó ni mo mọ̀. Bí Glory ṣe so fóònù mọ́ ọn báyìí, gbogbo ohun tó ti ń dúró láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹ́dùn mẹ́tàdínlógún. Mo ní kó kó wọn sínú fóònù tirẹ̀, kó pa wọ́n rẹ́ nínú tèmi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa sọ fún mi."

Àwọn àgbà bú sẹ́kún. Èmi náà ń sunkún. Nígbà náà ló pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ọdún mẹ́sàn-án! Mo kúnlẹ̀ wọ́ lọ sẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Àbẹ̀kẹ́ mi. Gba fóònù. Ka ohun tí àbúrò ẹ kọ sí mi kẹ́yìn fún wọn."

Mo gbójú sókè. Omijé ò sí lójú rẹ̀ rárá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní kí n kà á. Mo kà á. *Ẹrù lẹ jẹ́.* Gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, háà, Gbádé! Ó ní irú ọmọ wo nìyẹn?

"Ka ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú."

"Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá."

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ gbé orí sókè. Mo rí i tó ń fi ìka ṣírò. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó kọjá ni Gbádé kú. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Bàbá ló sọ ọ́. "Láti àárọ̀ kìíní ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Nínú fóònù yẹn lo ti ń kí mi pé ṣé mo jí dáadáa. Ìwọ lo ra òróró, ìwọ ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ní kí n yí òpó, mo yí òpó. Gbádé kú lẹ́ẹ̀kan lọ́hùn-ún, mi ò mọ ẹni tó pa á. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, mo mọ̀ ọ́n."

Glory wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ló ránṣẹ́ pè é. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn àbúrò mi sì gba inú ilé kan, èyí tó gbà sílẹ̀ fún Bàbá ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀:

"Bàbá mi àtàtà, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àyà ń fún mi díẹ̀, ẹ má fòyà. Mo ti pe Àǹtí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò gbé e. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní mi ò ní í sọ̀rọ̀ dátà mọ́. Ohùn wọn ni mo kàn fẹ́ gbọ́."

Wọ́n ti lọ. Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ò kí mi kó tó jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Bàbá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi àtàtà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ara ńkọ́?"

Wọn ò yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Má fi ẹnu òkú kí mi mọ́."