Ìdajì Iṣẹ́ Ìmọ́tótó Tí Mo Fẹ́ Tà Kì í Ṣe Ilẹ̀ Ẹbí

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ gààrí, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú ọyẹ́ tí mo gbọ́ pé ó ń mú yín gan-an ní Èsìẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Èkó níhìn-ín. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ti jẹ́ olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ sinmi. Mo kí Bọ̀dá Jóṣúà, tí mo mọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ dákun Bọ̀dá, ẹ má fo ibì kankan.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo kọ ọ́ sí. Wọ́n ti sọ ọ́ ní ìpàdé wa ní Èkó, wọ́n ti sọ ọ́ dé Òkè-Onígbìn, pé Fúnmiláyọ̀ ń ta ogún bàbá rẹ̀ fún àjèjì. Nígbà tó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, kí gbogbo ìlú kúkú gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Inú ń bí mi, Màmá. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó epo ń ya wọ Èkó, tí ilé alájà ń hù káàkiri, èmi àti garawa mi là ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn nu ilẹ̀. Ibi tí mo bá dé, wọ́n á bi mí pé ọkùnrin tó ni iṣẹ́ náà dà. Mo ní èmi ni mo ni ín, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sú mi, mo ní kí wọ́n bá mi fi orúkọ bàbá mi kọ “Àjàyí àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀” sára garawa. Oko iṣu ni bàbá mi wà ní gbogbo àsìkò yẹn, wọn ò tíì fojú kan kápẹ́ẹ̀tì rí láyé wọn. Àmọ́ bí orúkọ ọkùnrin ṣe wà lára garawa báyìí, iṣẹ́ dé. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n máa lo orúkọ náà lọ, kí n ṣáà má fi jalè.

Iṣẹ́ náà gbòòrò. Mo kó àwọn obìnrin wa wá láti Èsìẹ́ àti Òwu-Ìsin. Àwọn kan ń tọ́jú àwọn ọ́fíìsì ní Àpápá, àwọn kan ń tọ́jú ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ní Yábàá. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ọkọ̀ ojú omi ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, àwọn ọ́fíìsì ń lé òṣìṣẹ́, ọṣẹ di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún nínú òjò. Owó oṣù àwọn obìnrin mi ti ń falẹ̀. Mo jókòó sínú yàrá mi, mi ò rí ẹni bá dámọ̀ràn, mo bá pinnu pé kí n ta apá Àpápá, kí n fi owó rẹ̀ san owó oṣù, kí n fi ra ọṣẹ, kí apá Yábàá lè yè. Bí mi ò bá tà á, méjèèjì ló máa kú.

Mo rí ẹni tó fẹ́ rà á, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀, tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ wa. Ó wá díye lé e. Ó gbé garawa sókè, ó ní ó ti jò. Ó tan ẹ̀rọ tí ń dán ilẹ̀, ó ní ariwo rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú mi ti ń bàjẹ́ kó tó wá sọ pé gbogbo ìyẹn kọ́ lòun fẹ́ rà. Kọ́kọ́rọ́ lòun fẹ́ rà. Ó ní àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì wọ̀nyí ń kó kọ́kọ́rọ́ wọn fún àwọn obìnrin mi, ohun kan ò sì sọnù rí, òun sì mọ ohun tí ìyẹn tó. Iye tó dá lé e dára. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo bá kọ̀wé sílé, kí ẹ lè bá mi gbàdúrà sí i. Ẹ wo ohun tí ọ̀wọ̀ sọ mí dà! Bàbá Kékeré kó àgbà ìdílé méjì dání, wọ́n gbé iṣu àti obì, wọ́n wọ mọ́tò wá bá mi l'Ékòó bí ẹni ń lọ parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wo ààlà. Mo ní kò sí ààlà, ọ́fíìsì ni. Wọ́n ṣáà fẹsẹ̀ rìn yí àwọn ilé náà ká nínú oòrùn Àpápá, ọ̀kan nínú wọn sì bi ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà pé ta ni wọ́n bá pààlà lápá odò. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sunkún.

Nígbà tí a jókòó ti Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀, Bàbá Kékeré sọ fún un pé orúkọ ẹ̀gbọ́n àwọn ló wà lára garawa, nítorí náà ti ẹbí ni, àwọn ò sì ní tà á pátápátá. Wọ́n ní àwọn lè fún un lò, kó máa wá jẹ́wọ́ lọ́dọọdún pé ti ẹbí ni, bí àlejò tí a fún nílẹ̀ dá oko ṣe máa ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá. Màmá, ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àṣà wa wu òun gan-an. Òun ò ní san owó kankan báyìí, òun á gba kọ́kọ́rọ́, òun á máa gbé iṣu wá lọ́dún. Bàbá Kékeré bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú wọn dùn, wọ́n padà sílé, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ló gba iṣẹ́ bàbá mi lọ́wọ́ ìparun.

Iṣu! Ṣé iṣu ni màá fi san owó oṣù?

Mo ti lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀. Ó ní òun ṣì lè rà á ní iye tí a jọ sọ, ṣùgbọ́n lọ́yà òun ní kí òun má fọwọ́ kan dúkìá tí ẹbí ń jà sí. Ó fẹ́ kí olórí ẹbí wa wá sọ ọ́ lójú òun pé èmi ni mo ni ín. Ó máa dúró dè mí di ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Kékeré, Màmá. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo mọ̀. Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ bàbá mi ò nu ilẹ̀ kankan ní Àpápá. Èmi ni orúnkún mi bó lórí símẹ́ńtì yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò béèrè owó lọ́wọ́ wọn, mi ò béèrè iṣu. Kí wọ́n kàn wá dúró níwájú ọkùnrin yẹn, kí wọ́n sọ pé, “Fúnmiláyọ̀ ló ni ín.” Láti ọdún wọ̀nyí wá, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ fún mi rí, títí kan ẹ̀yin pàápàá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Kó fún gbogbo ilé ní àlàáfíà, kó sì mú ọkàn Bàbá Kékeré rọ̀. Mo kí gbogbo ìjọ, mo kí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò tíì lé ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọmọ yín, tó ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀,

Fúnmiláyọ̀