Labalábá Alámì Fàdákà

Ìyá mi, ẹ kú ilé. Ara mi le ní Oregun níbí. Èmi àti Ishaq la jọ ń yẹ labalábá gbígbẹ wò, ká lè mọ irú tí wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá tó tà wọ́n sókè òkun.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, a rí ọ̀kan tó jọ èyí tó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àmì fàdákà abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yà tófin ní ká má tà ni.

Ọ̀gá ní, “Ẹ kọ ọ́ pé èyí tó wọ́pọ̀ ni.”

Ishaq ò gbà. A ò rí i mọ́ látìgbà náà. Èmi kọ ohun tí ọ̀gá fẹ́.

Wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ mi báyìí, nítorí olè ni. Ẹ má dààmú, mò ń jẹun.

Ẹ bá mi kí Kaothar, àbúrò mi. Kó má tíì wá bá mi.

Sùlíyá, ọmọ yín.