Kókó Etí Aṣọ Tí A Fi Rán Ọ̀nárébù sí Mínísítà

Ìdí-Ẹ̀mì,
Lọ́nà Owódé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà, 2020.

Ìdùnnúolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Àbújá tí wọ́n ní ó ń bó èèyàn lára bí ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ tó o fi jáde nílé, òun náà lo máa fi padà wọlé. A ò ní fi ìwọ náà ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn kí á má rí èsì. Tó o bá ń bi mí, ara mi le, orúnkún òsì nìkan ló ń ké bíi ilẹ̀kùn àtijọ́, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀ wá wáṣẹ́ ní Àbújá ló mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fi lẹ ẹnu lẹ́tà náà, mo sì tún kán àbẹ́là lé e. Tó o bá rí i pé ibi tí mo lẹ̀ ti ya, má bá a jà, fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kọ̀wé sọ fún mi, kí n lè mọ irú ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

O ní kí n máa lo fóònù. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n fóònù yẹn kò ṣe é finú hàn. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà nínú oṣù Ògún tó kọjá, ìrẹsì kò gbọdọ̀ kọjá, ẹran kò gbọdọ̀ kọjá, àní Màmá Rọ́fíàt aládùúgbò wa kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Pọ́bẹ̀, lódìkejì bọ́dà, láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé fóònù yìí dé ẹ̀yìn àká, á dún, èdè Faransé á yọ lójú rẹ̀. Olúgbénga tíṣà kà á fún mi, ó ní wọ́n ń kí mi káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Benin ni. Èmi tí mo dúró lábẹ́ ọ̀pẹ bàbá mi. Ohun tó lè dá bọ́dà kọjá kó sì padà láìsí ẹni tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn á máa sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún. Mo ti yọ bátìrì rẹ̀, mo gbé bátìrì sínú àpótí, mo gbé fóònù sórí àjà, kí àwọn méjèèjì má baà gbìmọ̀.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ó ṣì máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná láti gba èèpo gbágùúdá. Èmi ni mo ń dà á fún un báyìí, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi kó tó jẹ.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀nárébù Bàrúwà ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé, ẹni tí a dìbò fún pé kó máa ṣojú wa ní Àbújá. O ti padà síbi iṣẹ́ nígbà tó wá bá wa nínú oṣù Ọ̀pẹ, ní abẹ́ máńgòrò ilé ẹ̀kọ́. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wa, kí òun sì gbé e ka iwájú àwọn Mínísítà, nítorí àwọn ni wọ́n fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ epo àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ bọ́dà. Mo bi í pé ṣebí ìlú kan náà ni òun àti Mínísítà jọ ń gbé, ṣé wọn kì í pàdé níbi tí wọ́n ti ń gé irun ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Òun á kọ ọ́ sílẹ̀, òun á dìde nílé ìgbìmọ̀, ẹlòmíràn á ti òun lẹ́yìn, gbogbo ilé á fọwọ́ sí i, wọ́n á wá ránṣẹ́ pe Mínísítà pé kó wá dáhùn. Mo rò ó nínú ara mi pé alárenà ló pọ̀ tó báyìí, ọ̀rọ̀ yóò ti gbó kó tó dé ilé ìyàwó.

Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa. Wọ́n fẹ́ mọ orúkọ, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ orí, wọ́n fẹ́ mọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò, mo sì bi ẹni tó ń pín in pé ṣé ẹ̀dùn ọkàn wa ló fẹ́ gbé lọ tàbí àwa fúnra wa. Níbi tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹjọ́ kọ orúkọ sí, mo kọ orúkọ ìyá rẹ, nítorí òun ló ni ẹjọ́. Níbi nọ́ńbà fóònù, mo kọ tìrẹ, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n pe tèmi kí Benin máa dáhùn.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ṣí fìlà. Mo sọ fún un pé láti ìgbà tí àṣẹ ti jáde nínú oṣù Bélú pé wọn kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù wá sí ibi tó bá súnmọ́ bọ́dà, ilé epo ọ̀dọ̀ wa ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Mo ní ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyàwó mi, ọkọ̀ Ṣàíbù, awakọ̀ àdúgbò wa, wà níta, Ṣàíbù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo ni kò sí. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wá a, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé pẹ̀lú ìgò méjì. A gbé ìyàwó mi sínú ọkọ̀, ó gbé orí lé itan mi, ó ní kí n má gbàgbé láti ká aṣọ tó wà lórí okùn. Epo tán kí á tó dé Ìlaròó. Òun kò dúró de epo.

Ìwọ náà mọ gbogbo èyí, mo kàn fẹ́ kí o mọ bí mo ṣe sọ ọ́ ni. Mi ò sunkún. Mo sọ fún Ọ̀nárébù pé mi ò ní kó bá Mínísítà jà, mi ò ní kó bẹ̀ ẹ́. Kó ṣáà dárúkọ obìnrin náà sí i létí, Àṣìkẹ́ Abọ́dúnrìn, kí ẹni tó pàṣẹ mọ ẹni tí àṣẹ bá.

Ó ní òun á ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa níhìn-ín kì í fi ẹnu lásán ránṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí bàbá mi bá ń ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Pọ́bẹ̀, á ta kókó sí etí aṣọ, á fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún ni yóò tú kókó, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta òmíràn kó tó dá aṣọ padà. Ìránṣẹ́ lè purọ́, kókó kì í purọ́, nítorí bí ọwọ́ ti rí ni ìdè ń rí. Mo sáré wọlé, mo mú ìborùn aláró ìyá rẹ, mo di káàdì ọsibítù rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ sí etí aṣọ náà, mo sì ta á ní kókó tí mo fi ń so iṣu mọ́ igi àká, ẹ̀ẹ̀mẹta yípo, mo sì fà á sí ọ̀tún. Mo gbé e fún Ọ̀nárébù lójú gbogbo èèyàn, mo ṣàlàyé bí Mínísítà yóò ṣe ṣe é. Ó wò mí, ó wo aṣọ, ó wo ẹni tó ń ya fọ́tò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nígbà tó di ìparí oṣù kìíní ọdún yìí, a gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn kan kígbe, àwọn kan tún kígbe, ẹnìkan wá gbá òòlù mọ́ tábìlì. Ọmọ mi, ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ta ọ̀pá irin ilé iṣẹ́ kan ní gbàǹjo ní Ìlaròó. Mi ò sùn dáadáa. Mo ń rò pé wọ́n ti ta wá, mo sì ń ronú ẹni tó lè rà wá.

Olúgbénga tíṣà lọ gba ìwé ohun tí wọ́n sọ wá, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ epo wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dúró lọ́nà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi ìyá rẹ, ohun tí wọ́n kọ ni pé obìnrin kan. Obìnrin kan, bí ẹni pé wọ́n rí i lójú pópó. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà, obìnrin kan náà ni. Ìwé náà ní wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yìí lé ìgbìmọ̀ kékeré lọ́wọ́. Mo bi tíṣà pé tí ìgbìmọ̀ ńlá kò bá lè gbé e, kí ni kékeré fẹ́ fi ṣe. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo fi báírò kọ orúkọ ìyá rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mo sì fi ìwé náà sínú Bíbélì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹkúnlé tó ń bá Ọ̀nárébù ṣiṣẹ́ dé, pẹ̀lú ìborùn nínú ọ̀rá. Ó ní Mínísítà fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ tú kókó, ó ka káàdì, ó mi orí, ó tún un ta, ó ní kí wọ́n kí wa. Inú àdúgbò dùn. Ṣàíbù wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò lè rìn, ó fọn fèrè. Màmá Rọ́fíàt dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Mo gbé aṣọ wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo kókó náà lójú fèrèsé. Lóòótọ́ kì í ṣe tèmi mọ́. Ó yí sí òsì, wọ́n sì ti ki ìrù rẹ̀ sínú ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú gidigidi. Mo bi ara mi pé níbo ni Mínísítà ti mọ ọwọ́ ìyàwó mi.

Mo wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni méjì péré ni mo mọ̀ láyé tó ń ta kókó báyìí. Ọ̀kan ń sùn lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ìkejì ni ọmọdébìnrin tó máa ń sunkún ní kíláàsì kejì pé òun ò lè tú ibi tí ìyá òun di pẹ́ńsù ìkọ̀wé òun sí, títí ìyá rẹ̀ fi pè é jókòó tó sì kọ́ ọ. Ìgbà náà ni mo rántí nọ́ńbà tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ìdùnnú, mi ò bínú. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn Ọ̀nárébù ló pè ọ́, mo mọ̀ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n á fi aṣọ àgbẹ̀ ṣe nílé Mínísítà, mo sì mọ̀ pé o bá wọn ta á nítorí o rò pé ọkàn mi á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Rọ́fíàt lóyún, oṣù tó ń bọ̀ ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ṣíwọ́ wíwá epo pamọ́, ó ní Mínísítà ti gbọ́. Ìdí tí mo fi ń bi ọ́ nìyẹn, kí o sì dá mi lóhùn láìpọ́n mi lé: ṣé ẹnikẹ́ni dárúkọ ìyá rẹ sí Mínísítà létí?

Mi ò lè tú ọ fó, mi ò sì lè dákẹ́. Mo sọ fún Màmá Rọ́fíàt pé mo lá àlá, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ gbé ẹ̀gbẹ́ ọsibítù ní Ìlaròó títí yóò fi bí. Mi ò lá àlá kankan. Ìwọ pa irọ́ tìrẹ, èmi náà pa tèmi, kí Ọlọ́run dárí ji àwa méjèèjì. Jọ̀wọ́, fi owó yàrá oṣù kan ránṣẹ́ fún wọn, kí o fi díẹ̀ lé e fún bátìrì rédíò mi, nítorí mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ kékeré yẹn ń ṣe. Má fi gba inú fóònù. Fi rán èèyàn.

Padà lọ bá Ọ̀nárébù. Má bú u, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Sọ fún un pé bàbá rẹ mọ̀, àti pé ìdajì tó kù kò ju orúkọ méjì lọ.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ̀nà á máa ṣọ́ ọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka èèyàn sí ẹnìkan, wọ́n á dá orúkọ tìrẹ mọ̀. O ò ní ṣe aláìsàn lọ́jọ́ tí epo kò sí.

Mi ò tíì tú kókó náà. Mo fọwọ́ kan káàdì láti ìta, ó wà níbẹ̀. Tí mo bá tú u, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta á padà. Wá sílé nígbà Àjíǹde, kí o wá kọ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cornelius Abọ́dúnrìn.