Ọ̀rẹ́ Mi Tó Máa Ń Rán Ọrùn Aṣọ

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ìyá wa kò wú mọ́. Ọkọ mi ń tọ́jú mi, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ ìwé ìtàn nípa ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ránṣọ. Òun ló ń rán ọrùn, èmi ń rán apá. Á ní, "Onítìjú, ta ló fẹ́ gbé ẹ níyàwó?" Látìgbà tó ti kú, mi ò lè rán ọrùn aṣọ kankan. Nínú ìwé náà, mo ti gbé e dé ọsibítù, ọwọ́ mi wá kọ̀. Mi ò lè kọ ọ́ pé ó kú.

Ẹ̀yin náà ti sin ọ̀rẹ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ojú ewé yẹn ránṣẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi.

Àbúrò yín.