Ta Ló Gbé Ìyá Rẹ Kúrò Lára Ògiri?

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí yàrá rẹ, mo tún kí àwọn tó ń gbé lókè orí rẹ, àwọn tí o ní wọn kì í bọ́ bàtà bí wọ́n bá wọlé, kí Ọlọ́run bá wa fọwọ́ tọ́ wọn. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ ní ìlú ńlá yẹn, kò ní yọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, kí ó máa wá a títí tí ojú yóò fi máa ro ó. Àmín. Èmi náà ń bẹ láyé, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá ní ara òun le nígbà tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, irọ́ ló pa, mi ò fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ìròyìn ilé kò pọ̀, èyí tó wà níbẹ̀ kò sì dùn. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí fojú wa rí màbo. Páànù apá ibi tí pálọ̀ wà ṣí, omi gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí a gbé àwòrán ìyá rẹ kọ́ sí, èyí tí wọ́n fi dígí bò. Mi ò tètè mọ̀. Nígbà tí mo máa fi gbé e sílẹ̀, àwòrán ti lẹ̀ mọ́ dígí, mo ní kí n rọra ṣí i, ni ojú ìyá rẹ bá bá dígí lọ, ó ku aṣọ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo gbé e sá sóòrùn, mo ní bóyá yóò padà, kò padà. Àbúrò ìyá rẹ wá kí mi, ó rí ìṣó lásán lára ògiri, ó jókòó, ó sunkún, ó sì jẹun yó kó tó lọ.

Mi ò jẹ́ kó dùn mí jù nígbà náà, nítorí mo mọ̀ pé òmíràn wà. O rántí pé lẹ́yìn ìsìnkú, o mú fóònù rẹ jáde, o fi hàn mí pé o ti gbé ìyá rẹ sí ibì kan tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú àwòrán. Ẹni náà, èmi ni. Mo ń sọ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín, pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Fóònù, nítorí kò sí fóònù tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kì í ní kí ó sùn síbẹ̀ ná. Yóò gbé àga fún mi, yóò ṣí ibẹ̀, èmi yóò sì kí ìyá rẹ. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lè kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni èmi á máa sọ, Dókítà Fóònù á máa tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ti dá aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ padà, àtèyí tó rán tán àtèyí tó kàn gé sílẹ̀. Mo bi í pé níbo ló fi àlùmágàjí ńlá rẹ̀ sí. Bí a bá ti parí, nǹkan kan á yọ síta, Dókítà Fóònù túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ó ní a ti rí ọ̀rọ̀ yín, ó ń dúró de àyẹ̀wò. Ọkàn mi á balẹ̀. Bí ìyá rẹ ṣe rí nìyẹn nígbà ayé rẹ̀, kò sí ohun tí mo bi í tí kì í ní kí n jẹ́ kí òun rò ó ná. Ìgbà tí mo ní mo fẹ́ fẹ́ ẹ pàápàá, ó rò ó títí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ní kí n yáa wá ẹlòmíràn lọ.

Má rò pé orí mi ti dàrú o. Mo mọ̀ pé òkú kì í tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá gbé inú ilé, bí nǹkan bá sọ fún un pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í tún yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Nígbà tí o wá pè mí lóṣù tó kọjá, tí o ní Bàbá, mo fẹ́ tún búlọ́ọ̀gù mi ṣe, ojú rẹ̀ ti gbó, mo fẹ́ fún un lójú tuntun, búlọ́ọ̀kù ni mo gbọ́. Fóònù mi máa ń kùn, o mọ̀. Mo ní ọmọ mi ti ra búlọ́ọ̀kù, ọmọ mi fẹ́ kọ́lé. Mo bi ọ́ pé mélòó ni, o ní ẹyọ kan ni, pé ẹyọ kan náà gan-an, àtitọ́jú rẹ̀ ti ń sú ọ. Mo rò ó, mo ní bóyá bí búlọ́ọ̀kù ìlú ńlá ṣe tóbi tó nìyẹn. Mo bi ọ́ pé ta ni yóò kùn ún, o rẹ́rìn-ín, o ní ìwọ fúnra rẹ ni, pé funfun lo fẹ́. Èmi tí mo fi ọ̀dà kíkùn tọ́ yín dàgbà, mo wá ń kọ́ ọ lórí fóònù pé kí o kọ́kọ́ ha ògiri, kí o má kun ọ̀dà lé ibi tó bá ń rin, àti pé funfun kì í bo nǹkan, àṣírí ló ń tú. O ní ẹ ṣé, Bàbá. O ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, o máa padà pè mí.

Mo wẹ̀, mo dé fìlà, mo gba ọ̀dọ̀ Dókítà Fóònù lọ láti fi tó ìyá rẹ létí pé àbíkẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ kọ́lé. Mo ti sọ ọ́ kiri lọ́nà, oníbúrẹ́dì ti kí mi kú oríire. Dókítà ṣí i, ibẹ̀ funfun báláú. Mo ní kó nu ojú fóònù, ó nù ún. Mo ní bóyá a ti ṣìnà, ó ní ibẹ̀ náà ni. Níbi tí ìyá rẹ jókòó sí tẹ́lẹ̀, ife kan ni mo rí, ife àti ewé kan lórí tábìlì, mo bi í pé ife ta ni, kò mọ̀. Kò tilẹ̀ sí nǹkan kan nínú ife náà. Àwọn lẹ́tà ibẹ̀ ti rù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, àyè tó wà láàárín wọn sì tó kí ènìyàn tẹ́ ẹní sí. Dókítà Fóònù ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn, kí ojú lè ráyè mí. Mo dàgbà tó báyìí, mi ò tíì rí ojú tó ń mí. Ibẹ̀ ló ti wá là mí lọ́yẹ pé búlọ́ọ̀gù kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, pé ibi tí à ń wò yìí gan-an ni búlọ́ọ̀gù, òun lo sì tún ṣe. Mo jókòó. Ojú tí o ní ó ti gbó yẹn, ojú ìyá rẹ ni.

Ó bá mi wá a, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ àwọn ìlà kan tó wà ní igun, iṣẹ́ rẹ yọ jáde, ilé ẹ̀kọ́ tí o lọ yọ jáde, bí wọ́n ṣe lè kàn sí ọ yọ jáde, ìyá rẹ kò yọ. Ó tẹ àmì kan tó dà bí ẹyọ awò ojú kan, ó kọ orúkọ ìyá rẹ síbẹ̀, èsì ní àwọn kò rí nǹkan kan tó jọ ọ́. Mo ní kó tún un kọ, bóyá ó ṣì í kọ. Wọ́n tún ní àwọn kò rí i. Ó wá ní bóyá o ti gbé e lọ sí ẹsẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ta ni. Ó ní ojú-ìwé náà ní orí, ó sì ní ẹsẹ̀, pé ohun tí wọn kò bá fẹ́ kó hàn púpọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Inú bí mi pé o ti orí gbé ìyá rẹ wá sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ó sàn ju àìsí lọ, kó máa gbé mi lọ síbẹ̀. Ó fi ìka tì í títí a fi dé ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ la bá níbẹ̀, àti gbólóhùn kan pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó wà níbẹ̀ àfi ẹni tó ni ín. Mo ní ó dáa, èmi tí mo fẹ́ ẹ sílé ńkọ́. Dókítà Fóònù ní wọn kò ro tèmi mọ́ ọn.

Èmi náà ti kun ilé onílé. A kì í kun ògiri tòun ti àwòrán lára rẹ̀, a máa ń yọ wọ́n, a ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, a ó fi aṣọ bò wọ́n, bí ọ̀dà bá gbẹ, a ó dá kálukú padà sí ìdí ìṣó rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí onílé á ní ká má dá òmíràn padà, á ní ògiri ti mọ́ báyìí, kí ó wà bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn jà rí, onílé ló ni ògiri. Mo kàn máa ń béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí n gbé e sí ni. Ìwọ náà lo ni ògiri rẹ, mi ò bá ọ jà, ibi tí o gbé e sí ni mò ń béèrè. Bóyá àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ló ń wo ibẹ̀, tí wọn kò fẹ́ máa rí ìyá ẹlòmíràn. Bóyá ó sì ń dùn ọ́ nígbàkúùgbà tí o bá ṣí i. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ó yé mi. Èmi náà ti fi aṣọ bo maṣíìnì rẹ̀, mi ò lè máa wo abẹ́rẹ́ tó dúró sójú kan.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo béèrè pé àpótí ọ̀rọ̀ ńkọ́, ó ní ìyẹn náà ti lọ. Mo ní àwọn ọ̀rọ̀ mi tó ń dúró de àyẹ̀wò ńkọ́, ṣé ìyá rẹ ti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbé e kúrò. Dókítà Fóònù gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní Bàbá, kì í ṣe Màmá ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ni búlọ́ọ̀gù ni. Ó ní ìwọ ni. Ó ní òun rò pé mo mọ̀, òun rò pé ìwọ ni mò ń fọgbọ́n bá sọ̀rọ̀.

Mi ò mọ̀. Mo ti ń bínú sí ìyá rẹ nínú pé ìrònú rẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, níbi tí mo ti sọ fún un pé o ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, tí mo bi í pé ṣé kí n ti ilé yìí kí n máa lọ, ṣé kò ní dùn ún bí mo bá fi ibojì rẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fún ọ lésì títí di òní, tí o fi ń sọ fún àbúrò ìyá rẹ pé mo lágídí. Èsì ìyá rẹ ni mò ń dúró dè, ọwọ́ rẹ sì ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní ti owó, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù. Má fi sí báńkì. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn dígí níbẹ̀ ní kí n fi ìka tẹ nǹkan kí àwọn lè mọ̀ pé èmi ni èmi, ẹ̀rọ náà kò mọ̀ mí, ọ̀dà àti kẹrosíìnì ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán. Ó ní kí n lọ mú ẹni tó mọ̀ mí dáadáa wá. O mọ ibi tí ẹni náà wà.

Mi ò ní kí o dá ìyá rẹ padà sí orí. Bí ibẹ̀ bá ní yàrá ẹ̀yìn, gbé e síbẹ̀, kí o sọ ibi tí ilẹ̀kùn wà fún Dókítà Fóònù. Àwọn ọ̀rọ̀ mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ, má pa wọ́n rẹ́, kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, bá mi dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn. Má dá mi lóhùn bí ara rẹ, dá mi lóhùn bí ìyá rẹ ì bá ṣe dá mi lóhùn, ìwọ lo jọ ọ́ jù nínú gbogbo wọn. Rò ó dáadáa kó o tó sọ ọ́. Bí o bá ní ó ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa tà. Ilé tó ní búlọ́ọ̀kù ni, ilé tí kò ní búlọ́ọ̀kù ni, yóò gbà ọ́. Bí o bá sọ̀rọ̀, wàá rí ẹni gbọ́, Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí o dúró de ẹni tí kò ní wá. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, akunlé.