Kí N Kúnlẹ̀ Fún Ọkọ Tí Mo Kọ̀, Àbí Kí N Jẹ́ Kó Gé Tábìlì?

Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Mi ò wá síbí láti wá sunkún o, inú ló ń bí mi. Ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ fẹ́ ba nǹkan ńlá kan jẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀... kí n kúkú jẹ́wọ́, ó ń wù mí kó bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Jos ni wọ́n bí mi sí, Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ mi ni títún àga àti tábìlì ayé àtijọ́ ṣe, àwọn antique tí àwọn òyìnbó awakùsà fi sílẹ̀ níbí. Ilé ọkọ ni mo ti kọ́ ọ. Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé parlour ni ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ni parlour, ni èmi náà bá mú sandpaper. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi, ojú ni mo fi kọ́ ọ, ọwọ́ sì gbà á. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń ṣe èyí tó le, òun ló ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀. Ìgbà tó fẹ́ ìyàwó kejì tó ní kí n kúrò nídìí iṣẹ́ kí n lọ máa ta provisions, mo kẹ́rù mi, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Rantya, níbí ní Jos.

Ẹgbẹ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí wà, bí o ò bá sì sí níbẹ̀, àwọn tó ní iṣẹ́ gidi ò ní dá ọ lóhùn. Mo ní mo fẹ́ wọlé. Òfin wọn ni pé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìde ní ìpàdé, kó ní òun ló ṣe freedom fún ọ, òun ló gbàdúrà lé ọ lórí, òun ló fa irinṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́. Haba, ta ló ń ṣe freedom fún ìyàwó ilé? Ọ̀gá mi ni ọkọ mi, ọkọ mi yìí kan náà sì ni alága ẹgbẹ́. Ní ìpàdé, ó wo ojú mi, ó ní òun ò ní ọmọ iṣẹ́ obìnrin rí, ìyàwó lòun ní, ó sì ti sá lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo fọwọ́ lé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín? Orí tábìlì ẹgbẹ́... èmi ni mo sì tún tábìlì yẹn ṣe.

Nígbà tí mo ṣì wà nílé ọkọ, ní túútúú ni tábìlì náà wá sọ́dọ̀ wa. Oyún inú mi ti tó bí, ọkọ mi yìí, bàbá ọmọ mi, wà ní Kaduna, èmi nìkan ni mo tò ó. Tábìlì tó ń ṣí ni, orí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń rìn, wàá fa ìdajì síhìn-ín, ìdajì sọ́hùn-ún, wàá fi pákó sáàárín, èèyàn púpọ̀ á jókòó. Kó má baà sún kí gúlúù tó gbẹ, mo gbá ìṣó igi kan bọ̀ ọ́ lábẹ́, mo ní bó bá gbẹ màá yọ ọ́. Ni ìrọbí bá mú mi. Kí n tó ti ọsibítù dé, ọ̀gbẹ́ni ti ti Kaduna dé, ó ti fi polish kùn ún, ó ti gbé e fún ẹgbẹ́, wọ́n ní kò sí ọwọ́ bíi tirẹ̀, wọ́n fi í jẹ alága. Kò mọ̀ pé ó ń ṣí, ó rò pé pákó méjì tí mo lẹ̀ pọ̀ lásán ni, kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ rí. Àwọn pákó àárín rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, orí wọn ni mò ń to ìkòkò sí.

Ní ìpàdé yẹn náà ni wọ́n ṣàròyé pé ẹgbẹ́ ti pọ̀, tábìlì ò gbà wọ́n mọ́. Alága ní kò sí wàhálà, òun á fi ayùn là á láàárín, òun á fi pákó tuntun kún un, ní Sátidé, lójú gbogbo ayé, kí àwọn tó kéré lè fi kọ́ṣẹ́. Ẹ gbọ́ o, wallahi. Ayùn, lórí irú igi yẹn, tí wọn ò tún rí mọ́. Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Lọ́jọ́ kejì ló rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí mi, pé òun á dìde fún mi, àmọ́ kí n wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Friday, níwájú ìyàwó rẹ̀, kí n pe òun ní ọ̀gá, kí òun ṣe freedom fún mi. Irinṣẹ́ tó fẹ́ fà lé mi lọ́wọ́, tèmi ni, tó gbẹ́sẹ̀ lé lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ìyá mi ní kí n lọ, pé ìkúnlẹ̀ kì í pààyàn. Ìyá mi ò mọ̀ pé nínú iṣẹ́ wa, iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́, ti ọ̀gá ni. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, tábìlì yẹn di tirẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn. Bí mo bá sì kúnlẹ̀ ní Friday tí mo wá dójú tì í ní Sátidé, wọ́n á ní ọ̀dàlẹ̀ ọmọ iṣẹ́ ni mí.

Bí mi ò bá kúnlẹ̀ ńkọ́, tí mo wọ abẹ́ tábìlì lójú wọn, tí mo yọ ìṣó, tí mo fà á ṣí? Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, àmọ́ wọ́n á ní mo bú bàbá ọmọ mi, wọn ò sì ní gbà mí láé. Àbí kí n kàn jókòó? Ayùn yẹn á kan irin abẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n á rí i pé alága wọn gé tábìlì tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Bí mo bá ti ń rò ó báyìí, inú mi ń dùn. Ṣé mo burú ni?

Lánàá mo lọ ra nǹkan ní ọjà Terminus, mo yà sí hall ẹgbẹ́ wọn, mo fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ìṣó mi ṣì wà níbẹ̀. Mi ò yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo bí ọmọ mi ni mo tò ó tán, mo sì mọ gbogbo ojú igi rẹ̀... Ẹ má sọ pé kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo ti gbọ́ ìyẹn nílé. Ọkùnrin yìí ló ṣẹ̀ mí, tábìlì ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí orí yín pé, báwo ni mo ṣe fẹ́ fìyà jẹ ọ̀kan kí n sì dá ìkejì sí?