Omi Ìdí-Emi Nínú Ilé Àwọn Onímọ̀

Mouniratou ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Kútọnu. O kú iṣẹ́, o kú ooru, o kú ìfaradà ariwo alùpùpù tí kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa nígbàkígbà tí o bá pè. Ọlọ́run kó má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ gba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gbọ́ nípa rẹ, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ máa rán geere. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ. Ara rẹ̀ le, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó bá ń dìde lẹ́yìn ìrun. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, kajú ni kò fi bẹ́ẹ̀ so. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bímọ, ọ̀kan dúdú, ìkejì ní àwọ̀ kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ rẹ Tawakalitou wà dáadáa. Mo fi èyí síwájú kí o lè dì í mú nígbà tí o bá ń ka ìyókù. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù, torí wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún kí n tó dé ibi tó dára, owó inú fóònù mi á sì tán sáàárín ẹkún. Mo wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan gun alùpùpù wá láti yunifásítì. Nadia ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ó gbọ́ èdè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ju Faransé sí i láàárín bí ẹni ń ju iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ, ó ní òun fẹ́ bu omi díẹ̀ nínú odò wa, òun ń wá Adéẹ́nì. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti kó sómi, mo ní mi ò mọ Adéẹ́nì kankan lágbègbè yìí, àfi bó bá jẹ́ ará Ṣábẹ̀ tó ń kọjá lọ sí Goro. Mo ti ń pe àwọn ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó dá mi dúró. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ènìyàn, lẹ́tà Faransé ni, A, D, N, ohun tín-ín-tín kan tó wà lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, òun náà ló ń mú kí ọmọ gbé imú bàbá rẹ̀ wá sáyé. Ó ní ẹja tó lúwẹ̀ẹ́, màlúù tó mu omi, ọ̀pọ̀lọ́ tó fò kọjá, gbogbo wọn ló ń fi díẹ̀ lára wọn sílẹ̀ nínú omi, òun sì lè kà á láì fojú kan ẹran náà. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ sóko, mo rò ó bọ̀. Mo ń wo ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti kékeré, mo ń sọ nínú ara mi pé bóyá díẹ̀ lára bàbá mi ṣì wà níbẹ̀.

Ó fi ohun kan bíi ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ gba omi náà kọjá lára bébà funfun kan, ó ká bébà náà sínú ìgò, ó sì da omi tó ṣẹ́ kù padà sódò. Ìyẹn wù mí, pé kò gbé e lọ.

Kó tó lọ, ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ó ní tí òun bá kà á tán, òun fẹ́ fi í sí dẹ́pò kan tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń ṣí, tí ẹnikẹ́ni kì í gba owó lọ́wọ́ wọn, àti pé dẹ́pò náà wà lórí líìnì. Mo mọ dẹ́pò, ibi tí wọ́n ń kó kajú sí ní Tchaourou ni. Mo mọ líìnì, okùn tí a fi ń so ìwọ̀ ẹja ni. Ó yé mi pé wọn yóò fi okùn gbé omi wa kọ́ sínú dẹ́pò.

Karimou, olórí abúlé wa, kó gbogbo wa jọ sílé rẹ̀, ó ní òun kò gbà. Ó ní àwọn kan ti wá bu iyẹ̀pẹ̀ wa lọ rí, a ò gbúròó wọn mọ́ dòní. Ó ní tí a bá fún gbogbo ayé, kí ló kù fún àwa? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ àwọn ènìyàn létí, wọ́n ń mirí.

Ni mo bá dìde. Mo ní ẹ̀yin ará mi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá gbẹ, tí àwọn obìnrin ń gbẹ́ yanrìn kí wọ́n tó rí omi bù, ṣé kò ní dára ká ní omi tiwa nínú dẹ́pò? A ó kàn rán àwọn ọ̀dọ́ lọ gbé e wá. Mouniratou, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún mi. Karimou fúnra rẹ̀ ń họrí. Ọ̀rọ̀ mi ti borí tán nígbà tí Nadia dìde, tó ní Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe omi ni yóò wà níbẹ̀, ohun tí òun bá kà nínú omi ni, tí òun yóò kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí a gbọ́ ìròyìn ènìyàn tí a kò rí òun fúnra rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mu ún. Ojú tì mí, mo jókòó.

Karimou bi Nadia pé kí ló dé tó fi ba ọ̀rọ̀ tó ń gbè é jẹ́. Nadia fèsì pé tí ẹ bá gbà nítorí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí odò bá gbẹ lẹ ó pè mí lólè. Karimou ní ó dáa, kí ó fi í síbẹ̀. Ìyá rẹ wá ní ó ku ohun kan, kí wọ́n kọ orúkọ abúlé wa sí i, bí a ṣe ń kọ orúkọ sídìí abọ́ tí a bá yá aládùúgbò nígbà ìnáwó, kí ó lè mọ ọ̀nà ilé. Nadia ní òun yóò kọ ọ́, òun yóò kọ ibi tí òun ti bu omi gan-an àti ọjọ́ tí òun bù ú.

A gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a ń wa iṣu tuntun, Nadia tún dé, kò tilẹ̀ dúró bọ́ akoto orí rẹ̀ kó tó máa kí wa. Ó ní ẹja nìkan ni òun ń wá nínú omi wa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n onímọ̀ obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí kò dé Bẹ̀nẹ̀ rí láyé rẹ̀, tó ń ṣí ohun tí oníkálukú fi sí dẹ́pò náà, ìṣáwùrú kan ló ń wá kiri. Ó rí ipa ìṣáwùrú náà nínú omi wa, ó sì rí ti aràn kan tó ń gbé inú rẹ̀, tó máa ń gba ara ẹni tó bá wẹ̀ lódò wọlé, tó sì ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀. Ó rí orúkọ abúlé wa, Ìdí-Emi, níbẹ̀, ó sì kọ̀wé sí Nadia kíákíá. Nadia wá bi wá pé ṣé àwọn ọmọ wa ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Karimou ní ta ni kò tọ̀ ọ́ rí lára wa, ó ní àmì pé ọmọ ń bàlágà ni. Ṣùgbọ́n Tawakalitou di aṣọ ìyá rẹ mú, ó fi ojú pamọ́ sínú rẹ̀. Ìyá rẹ mú un lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ojú ìyá rẹ ti yàtọ̀. Ọmọ náà ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí a gbin àgbàdo. Ó rò pé òun ń kú lọ ni. Ó ń yọ́ lọ fọ pátá rẹ̀ fúnra rẹ̀, inú odò yẹn kan náà ló sì ti ń fọ̀ ọ́. Ó ní ìwọ lo sọ pé kí òun má da àwa àgbà láàmú. Mi ò fi èyí bá ọ wí. Gbogbo ìyá tó bá fi ọmọ sílẹ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, tí mò ń bá a jẹun nínú abọ́ kan, mi ò rí i.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti ilé ìwòsàn wá. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tọ̀ sínú ife kéékèèké, wọ́n sì fi ọ̀pá wọn bí wọ́n ṣe ga tó. Mo rò pé aṣọ iléèwé ni wọ́n fẹ́ rán, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán ti Tawakalitou tóbi díẹ̀ torí ó ń dàgbà. Wọ́n ní oògùn tí oníkálukú yóò lò ni wọ́n ń fi wọ̀n. Oògùn náà tóbi, ó korò, inú run ún, ó sùn títí. Àwa àgbà náà lò ó, Karimou sì lò ó. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ lódò mọ́, a sì ti ń tún ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ nídìí mọ́sálásí ṣe.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Tawakalitou ké pè mí láti ẹ̀yìn ilé. Mo sáré lọ. Ó gbé ife sókè sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Ó mọ́ bí omi òjò. A dúró síbẹ̀, èmi àti òun, à ń wo ìtọ̀, mo sì ń sọ pé Alhamdulillahi.

Obìnrin Kẹ́ńyà yẹn ń dà mí lọ́kàn rú. Mi ò mọ bí a ṣe ń kí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nadia ní òun ti bá wa dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ orúkọ ọmọ náà. Bí o bá rí ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí i, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó kọ orúkọ náà ránṣẹ́.

Jọ̀ọ́, fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́, ká fi ra bàtà rọ́bà fún ọmọ rẹ, ká sì dá owó tiwa sí ti ẹ̀rọ omi. Bí ọ̀gá rẹ bá sì yọ̀ǹda rẹ, wá fojú ara rẹ rí i. Ọlọ́run tó mú ẹni tí kò mọ̀ wá rántí wa, kó má jẹ́ kí o di ẹni ìgbàgbé níbikíbi tí o bá wà. Kó fún ọ ní ẹ̀mí tí wàá fi rí ọmọ rẹ tó di ìyá ọmọ.

Tí o bá ti kà á tán, pè wá. Má bi Tawakalitou léèrè nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Souradjou